Ọta Kan Nínú Kíláàsì Oleta

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi nínú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Oleta Brashear. Ní Pruitt Ford níbí, láàárín àwọn òkè Missouri, ó ṣòro kí o tó rí ọ̀dọ́ kan tí kò jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ rí, nítorí òun ni olórí alásè ilé ẹ̀kọ́ wa. Obìnrin gíga ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Bí ọmọ kan bá ń sọ oúnjẹ káàkiri, Oleta kò ní pariwo. Á rìn lọ bá a, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, ọmọ náà á sì wá ìgbálẹ̀ lọ. Títí di òní, a kò mọ ohun tó máa ń sọ fún wọn.

Ìbọn kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Kí Oleta tó mọ orúkọ ara rẹ̀ í kọ ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti máa yin agolo ẹ̀wà tí wọ́n bá tò sórí igi ọgbà. Ọkọ rẹ̀, Verlin, kì í gbélé tí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín bá ti dé. Nígbà tí Verlin kú, tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú oko koríko, Royce Ledbetter ló ṣíwájú àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Láti kékeré ni Royce àti Verlin ti ń ṣọ̀rẹ́. Royce yìí náà ni olórí olùkọ́ ní pápá ìyìnbọn tó wà ní òdìkejì odò, òun ló sì ń kọ́ gbogbo ọ̀gbẹ̀rì tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń di ìbọn mú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gbá Oleta mọ́ra níwájú gbogbo ìjọ, ó ní, "Àbúrò mi, ohunkóhun tí Verlin ìbá ṣe fún ọ, èmi ni kó o wá bá." Gbogbo wa sunkún. Èmi náà sunkún, n kò purọ́.

Ohun tó gbé Oleta dé ìdí iṣẹ́ olùkọ́ ni fíríìjì Mísì Imogene Sloat. Mísì Imogene ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé ní òpin títì oníyangí. Olè jí nǹkan nínú abà rẹ̀, ni ẹ̀rù bá bà á, ló bá lọ ra ìbọn ìléwọ́. Ẹni tó tà á fún un dì í sínú àpótí bí ẹni ta bàtà, ó kí i pé ó dàbọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró nínú ilé ìdáná, ó gbé ìbọn, ó yìn ín. Fíríìjì rẹ̀ ló ń kùn bó ṣe máa ń kùn. Ó yin fíríìjì náà ní àyà, wàrà sì ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Ìlú fi í rẹ́rìn-ín títí, òun fúnra rẹ̀ bá wa rẹ́rìn-ín. Oleta nìkan ni kò rín.

"Arlys," ó ní, "ìwọ kọ́ lo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún Mísì Imogene ni? Ká ní ìró ẹsẹ̀ tìẹ ni wọ́n gbọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Oleta ní kí Mísì Imogene lọ sí kíláàsì Royce. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, kò padà mọ́. "Ó ń jágbe mọ́ mi bíi pé èmi ni ajá tó jí ẹran," ló sọ fún wa. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó ní kí n má gbọ̀n. Ṣé ọwọ́ yẹn ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni?" Òun nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ra ìbọn, tí wọ́n lọ sí pápá, tí Royce sọ̀rọ̀ sí wọn, tí wọ́n sì lọ ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀. Oleta bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó ń to àga, ó ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta fún gbogbo èèyàn, bó bá sì ti rí èyí tó ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀, á lọ jókòó tì í. Royce fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ jáde: "Àbúrò, o lẹ́bùn ìkọ́ni. Lọ gba ìwé ẹ̀rí. Èmi ni màá dúró fún ọ bí onígbọ̀wọ́."

Ọwọ́ ìwé ẹ̀rí yẹn lọ̀rọ̀ wà. Lórí pápá wa, ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ fi ìbọn sí ọ̀gbẹ̀rì lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ló máa dúró sí. Fún nǹkan bí ọdún méjì, ẹ̀yìn ni Oleta dúró sí, ó ń wo ọwọ́ tí wọ́n gbé sí ibi tí kò yẹ, ó sì ń pa ẹnu mọ́. Kò fẹ́ owó, kò fẹ́ oyè. Ó kàn fẹ́ kí àwọn obìnrin wa tó ti ní ìbọn nínú àpamọ́wọ́ yé fi í pa fíríìjì, kí wọ́n má sì lọ fi í pa èèyàn.

Juanell Pogue ló bá a kàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Juanell jẹ́. Òun àti Oleta jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan náà, orí ìjókòó kan náà ni wọ́n ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọkọ Juanell bá obìnrin mìíràn lọ, ọ̀dọ̀ Oleta ló sùn ní gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà. Ṣọ́ọ̀bù ìbọn Royce ní ìgboro ni Juanell ti ń tajà. Ní ìrọ̀lẹ́, á wá jókòó sí ilé ìdáná Oleta, á ṣí ìwé, á máa bi í ní ìbéèrè, Oleta á sì máa dáhùn bó ṣe ń bó ọ̀dùnkún. Èmi náà máa ń wà níbẹ̀, mò ń jẹ ohun tó bá wà. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà yẹn pé Juanell ló máa dalẹ̀ rẹ̀, ǹ bá gbá olúwarẹ̀ létí.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní ṣọ́ọ̀bù Royce pé, "Ìgbà wo ni Oleta máa gba ìwé ẹ̀rí? Òun la máa dúró dè." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́ sókè. Royce rẹ́rìn-ín. "Ẹ dákun," ó ní, "ẹ má tíì lé mi kúrò lórí pápá mi, mi ò tíì kú." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀ wò bóyá ojú náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ kíláàsì gidi níwájú olùdánwò tó wá láti olú ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Wooley ni tiwa ń jẹ́, ọkùnrin kúkurú kan tí bàtà rẹ̀ ń dán. Royce ló máa jókòó tì í. Èmi àti Mísì Imogene ni ọ̀gbẹ̀rì tí Oleta máa kọ́. Juanell ni Oleta fi sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ tó tóbi jù nínú yàrá yẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọta gidi kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí a ti ń kọ́ ọ̀gbẹ̀rì. Ọta oníke aláwọ̀ ọsàn ni a fi ń kọ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé, olùkọ́ o, ọ̀gbẹ̀rì o, á kó gbogbo ohun tó wà lápò rẹ̀ sórí tíréè, á sì yí àpò síta kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí i. Níbòmíràn èyí lè dà bí àṣejù. Lọ́dọ̀ wa, ọta wà nínú kóòtù gbogbo èèyàn bí súìtì ṣe ń wà lápò ọmọdé. Pásítọ̀ wa fẹ́ fa áńkáṣífù yọ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Àjíǹde kan, ọta já bọ́, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ àwọn akọrin.

Mísì Imogene kó tirẹ̀ sílẹ̀: súìtì míńtì, bébà ìnumú, àti eyín àtọwọ́dá rẹ̀. Mo kó tèmi sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wooley kó tirẹ̀ sílẹ̀, ó yí àpò síta kó tó di pé wọ́n sọ fún un. Royce wá dé láti orí pápá, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ó wo tíréè, ó wo Juanell.

"Èmi náà?" ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Juanell rẹ́rìn-ín, ó fa tíréè sẹ́yìn, Royce sì kọjá.

Oleta rí i láti iwájú yàrá. Mo rí i pé ó rí i. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Kí ló fẹ́ wí? Ẹni tó gbé pósí ọkọ rẹ̀ ni. Royce fúnra rẹ̀ ló gbé òfin tíréè kalẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tú àpò níwájú àlejò. Ẹ̀bi Oleta nìyẹn, kò sì fi í pamọ́ rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yìí mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ó fi ìbọn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ sí Mísì Imogene lọ́wọ́, ọwọ́ ìyá arúgbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n, mà," Oleta sọ fún un. "Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò dẹ́ṣẹ̀. Ìka yín nìkan ni kẹ́ ẹ gbé kúrò níbi tí wọ́n ń fà yẹn, kẹ́ ẹ nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ṣeun. Ẹnu ìbọn ńkọ́, ibo ló kọjú sí?"

"Ògiri."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan." Mísì Imogene wo ẹ̀yìn. "Ọkọ mi ò fi ohùn jẹ́jẹ́ báyìí bá mi sọ̀rọ̀ rí o."

Ọ̀gbẹ́ni Wooley rẹ́rìn-ín. Royce ń yọ awò ojú rẹ̀ nínú àpò kóòtù, ó ń dá a padà, ó tún ń yọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ̀ ni àpótí ọta oníke wà. Oleta na ọwọ́, ó fa àpótí náà mọ́ra, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó dúró.

"Ẹ gbé gbogbo nǹkan sílẹ̀," ó ní. "Ẹ sún mọ́ ògiri."

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó mú ọta kan jáde láàárín àwọn oníke, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí gbogbo wa ti lè rí i. Ọta bàbà ni. Ọta gidi.

Ọ̀gbẹ́ni Wooley dìde. "Màdáámú, báwo lèyí ṣe dé inú kíláàsì yín?"

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Mo rí Royce tó kọjá láìtú àpò, mi ò dá a dúró."

Mo wo Royce. Ohun tí mò ń retí ni pé kó ní òótọ́ ni, ọjọ́ orí ló fà á, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ìbá tán níbẹ̀. Royce rọra yọ awò rẹ̀, ó nù ún.

"Àbúrò," ó ní, "mo tú àpò mi. Mi ò lè gba ohun tí mi ò ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ọ̀gbẹ́ni Wooley yíjú sí Juanell. Juanell ń wo tíréè.

"Ó tú u, sà," ó ní. "Mo rí i."

"Irọ́ ni," mo wí. "Èmi náà wà níbẹ̀. Kò tú nǹkan kan."

"Kí ni olùkọ́ jẹ́ sí yín?" Ọ̀gbẹ́ni Wooley bi mí.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyin tó ti bàjẹ́ fún. Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ló ń rí. Mísì Imogene, ẹni tó ń wá eyín rẹ̀ nígbà tí Royce wọlé, ní òun kò rí i, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé Oleta kì í purọ́. Ọ̀gbẹ́ni Wooley ní kò burú, mà, ẹni tó rí i ni òun ń wá.

Ó wá sọ fún Oleta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọta tó wọlé, mo lè gbójú fò ó. Ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ sì ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ti ẹ̀bi rẹ̀ sórí ẹlòmíràn, mi ò lè fi ọ̀gbẹ̀rì sí i lọ́wọ́." Ó ní kò lè padà wá ṣe ìdánwò mọ́ àfi tí olórí olùkọ́ pápá rẹ̀ bá dúró fún un. Royce sì ni olórí olùkọ́ pápá rẹ̀.

Oleta kò sunkún níbẹ̀. Ó bá Mísì Imogene kó ẹrù rẹ̀ lórí tíréè. Ó ti se ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà kan sílẹ̀ láàárọ̀ fún àjọyọ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́. Royce jẹ ẹ́, ó tún bù sí i. Mo ń wò ó. Èyí ń bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ nígbà mìíràn, mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ọkọ̀ mi gbé Oleta lọ sílé Juanell. Juanell jókòó sí ìloro, ó ń ṣẹ́ ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Oleta kò jókòó.

"Nǹkan kan ṣoṣo ni mo wá bi ọ́," ó ní. "Ṣé o rí Royce tó tú àpò?"

"Rárá."

"Kí ló dé tó o wá ní o rí i?"

"Ó ní tí mo bá sọ nǹkan mìíràn, kí n má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́."

"Ìgbà wo ló sọ ọ́? Kò bá ọ sọ nǹkan kan kí Ọ̀gbẹ́ni Wooley tó bi ọ́."

Juanell ṣẹ́ ẹ̀wà kan, ó ṣẹ́ òmíràn. "Lọ́jọ́rú," ó ní.

Sátidé ni ìdánwò. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo fi ìka ka ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Títí di ìgbà yẹn, mo ṣì ń sọ fún ara mi pé bóyá ọta náà bọ́ nígbà tí Royce ń yọ awò ni, tí ojú wá ń tì í.

"Ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí òun kọjá," Juanell ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní bó ti wù kó rí, àwọn obìnrin ń fẹ́ olùkọ́ tó jẹ́ obìnrin, pé èmi náà lè ṣe é."

"O fẹ́ ẹ ṣe?"

"O ò bi mí rí, Oleta. Mo gbé ìwé dání fún ọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mò ń bi ọ́, o sì ń dáhùn. Ṣé o rò pé èmi ò mọ àwọn ìdáhùn yẹn ni?"

"Ká ní o sọ ọ́ jáde, à bá jọ ṣe é."

"Mo mọ̀," Juanell wí. Ó mọ̀. Ẹ gbọ́ o.

"Bá mi sọ òótọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Wooley."

"Mi ò lè ṣe é."

Oleta padà sínú ọkọ̀. A ò tíì dé títì ńlá nígbà tó bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ gbá iwájú inú ọkọ̀ mi níbi tí a jókòó sí títí ó fi là. "Ti Royce, mo lè fara dà á," ó ń wí. "Ọkùnrin tó ń jowú ni. Ṣùgbọ́n ilé mi ni Juanell sùn. Aṣọ Verlin ni mo fi bò ó." Mo kàn ń wakọ̀ lọ. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

A sọ ọ́ fáyé gbọ́. Àwọn kan gbà wá gbọ́. Àwọn kan ní Royce ti kọ́ bàbá wọn, ó ti kọ́ àwọn náà, kò lè ṣe irú rẹ̀. Pásítọ̀ ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo bi í bóyá Ọlọ́run ló ń yẹ àpò wò lẹ́nu ọ̀nà, láti ìgbà yẹn ni kò ti kí mi dáadáa. Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, Juanell gba ìwé ẹ̀rí. Royce ló dúró fún un. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ní ìgboro: kíláàsì tuntun fún àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin kún ilé ìdáná Oleta lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ ibẹ̀. Mísì Imogene ní ó sàn kí òun yin fíríìjì mìíràn. Oleta ń na ìyẹ̀fun pípò lórí tábìlì, kò gbójú sókè. Mò ń retí kó ní ẹ ṣeun, ẹ má lọ. Mo fẹ́ kó sọ ọ́.

"Ẹ lọ," ó ní.

"Ìwọ kọ́ lò ń sọ̀rọ̀ yìí," mo wí.

"Mo ní kí wọ́n lọ, Arlys. Ìbọn wà lápamọ́wọ́ wọn báyìí, wọn ò sì mọ̀ ọ́n lò. Èyí ò kan ohun tó wà láàárín èmi àti Juanell. Ó mọ iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ náà ló mọ̀." Ó tẹ ìyẹ̀fun náà mọ́lẹ̀. "Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Tó bá gbé ìbọn fún yín, tó ní kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Ì báà jẹ́ pé ojú yín ló ṣe ṣí i. Ẹ tún un ṣí, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín wò ó."

"Ṣé òfin ni?" Mísì Imogene béèrè.

"Òfin ni, mà. Ó wà nínú ìwé."

A lọ. Juanell wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n kọ "olùkọ́" sí láyà, ojú rẹ̀ sì tàn nígbà tó rí bí a ṣe pọ̀ tó. Ó mú ìbọn, ó ṣí i, ó fi hàn wá. "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀," ó ní, ó sì gbé e fún Mísì Imogene. Mísì Imogene wọ awò rẹ̀, ó ṣí ìbọn náà, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó wò ó títí kó tó dá a padà. Gẹ́gẹ́ bí òfin, olùkọ́ gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà," Juanell wí, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e fún ẹnì kejì, ó ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹnì kejì ṣí i, ó wò ó. Ẹnì kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo rí i nígbà tó yé Juanell pé kò sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. "Ẹ ṣeun" rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ètè nìkan, ó sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́.

Èmi ni mo gbẹ̀yìn. Ó na ìbọn náà sí mi, kò sì lè sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo gbà á, mo ṣí i. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ lóòótọ́. Mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i níṣojú rẹ̀.